Ọjọ́ Mẹ́rin Nídìí Ògiri Ilé-Ìwé ní Àgbádárìgì

Ọjọ́rú

Iṣẹ́ ló gbé mi lọ, kì í ṣe fàájì. Ọ̀gbẹ́ni kan tí mi ò rí sójú rí ló pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní àwọn tó jáde ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àgbádárìgì ti dá owó jọ, wọ́n fẹ́ tún ilé kíláàsì àtijọ́ kan ṣe níbẹ̀, kí n lọ wò ó, kí n kọ iye tó máa ná wọn ránṣẹ́. "Ẹ ṣáà rẹ́ ẹ, kí ẹ kùn ún, ó tán." Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe bíríkìlà ní Ìkòròdú. Ẹni tó bá ti ní "ó tán" lórí ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́, kò tíì fọwọ́ kan ọ̀kan rí nìyẹn.

Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Òrùlé rẹ̀ ń jò, ògiri rẹ̀ ń bó, àwọn tíṣà ibẹ̀ sì gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Kò yẹ kí n wá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdò ní kùtùkùtù, nítorí ẹni tó bá gba Mile 12 lọ sí Èkó láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ọ̀sán ló ń wá kiri. A dé Marina kí oòrùn tó mú. CMS ni gbogbo ayé ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀. Àwọn kọ́ńdọ́ ń fi ohùn tó ti há pè é, "CMS, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!", kò sì jọ pé ọ̀kan nínú wọn ń rò ó pé orúkọ àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà tó ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá ni. Broad Street níbẹ̀ ni ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1859, pẹ̀lú ọmọkùnrin 6 péré. Thomas Babington Macaulay ni ọ̀gá wọn, àna Àjàyí Crowther, bàbá Herbert Macaulay tí àwòrán rẹ̀ wà lára náírà kan nígbà tí náírà kan ṣì ń ra nǹkan. Wọ́n ti kó ilé-ìwé náà lọ sí Bàrígà láti 1959. Mo rin Broad Street díẹ̀ bóyá mo lè rí nǹkan tó jọ ti ayé ìgbà yẹn. Gíláàsì ni mo rí, gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán omi séèyàn lórí.

Mo wọ rélùwéè tuntun láti Marina lọ sí Mile 2. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni wọ́n ti ń fi kó èrò, èmi ò sì tíì wọ̀ ọ́ rí. Mo ní kí n kọ nǹkan nípa rẹ̀ sínú ìwé yìí, kí n tó rí bírò mi a ti dé.

Mile 2 ni ìrìn-àjò ti wá di ìrìn-àjò. Bọ́ọ̀sì wa kún lẹ́yìn wákàtí kan, ìyá kan gbé agbada lé mi lẹ́sẹ̀, a kọjá Òkòkomáíkò, a kọjá Àgbárá. Ẹni tó wọ aṣọ báyìí dá wa dúró, ẹni tó wọ aṣọ bẹ́ẹ̀ yẹn dá wa dúró. Mo ka ibi tí wọ́n ti dá wa dúró dé mẹ́sàn-án, oorun gbé mi lọ.

Bàbá Káfíńtà ló wá pàdé mi ní ráńdábáòtù. Wọ́n ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, Ògù (Ègùn) ni wọ́n, ilé-ìwé tí mo ń lọ wò yìí náà ni wọ́n ti mọ "A B D". Àwọn ni wọ́n ní kí n dé sí lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n tì kẹ̀kẹ́ wọn lọ́wọ́, wọn ò gùn ún, ó jọ pé wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀ ni. A jẹ gàrí pẹ̀lú àgbọn àti ẹja díndín. Èmi tí mo mọ̀ pé gàrí àti ẹ̀pà ni bàbá oúnjẹ, mo ti ronú pìwà dà.

Kí n tó sùn, mo bi wọ́n léèrè pé kí ló ń ṣe ilé náà gan-an. Wọ́n ronú díẹ̀.

"Ògiri yẹn ń làágùn," wọ́n ní. "Wọ́n wọ ẹ̀wù ọ̀rá fún un."

Ọjọ́bọ̀

Mo ti kó tépù àti òòlù sínú àpò, Bàbá ní kí n kó wọn kalẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ọmọ, kó kọ́kọ́ lọ kí bàbá bàbá rẹ̀. Bá a ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Marina nìyẹn. Àgbádárìgì náà ní Marina tiẹ̀, etí ọ̀sà ni, ibẹ̀ sì ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sọlẹ̀, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Bí èmi bá lo ọdún mẹ́ta lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lónìí, wọ́n á ti gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹni tó bá ń retí àrà kò ní rí i. Ilé onígun mẹ́rin ni, àjà kan lórí èkejì, páànù lórí, kò sí òdòdó kankan tí wọ́n fín sára ògiri bíi ti ilé àwọn Àgùdà l'Ékòó. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí, mo ń wá ohun tó mú ojú mi, kí n tó mọ̀ pé fèrèsé ni. Ẹni tó kọ́ ilé yìí kò fẹ́ kí atẹ́gùn ọ̀sà kọjá lọ láìyà. Nígbà tá a gun àtẹ̀gùn onípákó dé òkè, ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri ń ka ìtàn rẹ̀ lórí bí ọmọ tó ń ka ẹsẹ Bíbélì, èmi sì ti na ọwọ́ síta lójú fèrèsé. Atẹ́gùn náà wà níbẹ̀. Nǹkan bí aago mọ́kànlá ni o, oòrùn ti ń ta, kò sì sí fáànù tó ń yí.

Ìtàn tó ń kà náà dùn, mo kàn ti gbọ́ ọ rí ni. Àmọ́ ó yàtọ̀ kéèyàn gbọ́ ọ nínú yàrá tó ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ni Àjàyí Crowther, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tó ti ní kí wọ́n máa bọ̀, ti kú kí wọ́n tó dé, ogun sì dí ọ̀nà. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi jókòó sí etí ọ̀sà yìí. Crowther kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó ń wàásù ní Yorùbá, ó ń tú Bíbélì sí Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Ìwé Róòmù tó tú jáde ní 1850, odindi Bíbélì kò parí títí di 1884. Bí mo ṣe ń fi kókó sábẹ́ ẹ àti ọ nínú ìwé yìí, ọwọ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ti jogún rẹ̀. Ní 1846 ni ọ̀nà tó ṣí, ó dé Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi rí ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kó wọn lẹ́rú ní 1821. Tí ọmọbìnrin náà bá ti dé ibi ìyá yìí, ó máa ń dákẹ́ díẹ̀. Ó mọ ibi tí ó yẹ kéèyàn dákẹ́.

Ilé-ìwé wá ń kọ́? Ọ̀rọ̀ yìí lè dá ìjà sílẹ̀ láàrin ọmọ ìjọ méjì. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló kọ́kọ́ dé, Thomas Birch Freeman àti William de Graft, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. Ìyàwó de Graft àti ọkọ rẹ̀ sì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní 1843, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní èdè òyìnbó ni Nursery of the Infant Church, bí ìgbà téèyàn bá ní ibi ìtọ́jú ìjọ tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Nǹkan bí àádọ́ta ọmọ ló wà níbẹ̀, ọmọ àwọn Sàró ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí wọ́n ti Sàró (Sierra Leone) padà wálé lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n gba òmìnira lóko ẹrú. Àwọn Áńgílíkà dá tiwọn sílẹ̀ ní 1845, òun ló di St. Thomas tó wà títí dòní, Claudius Phillips sì ni orúkọ tíṣà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn nígbà yẹn kò ju mẹ́rin lọ: kíkà, kíkọ, ìṣirò, àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

"Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní àwọn ni àkọ́kọ́," Bàbá ní. "Áńgílíkà ní àwọn ni. Ṣé ìwọ mọ ẹni tó jàre?"

Mo ní ẹni tí ilé rẹ̀ bá ṣì dúró ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Mi ò kàn sọ ọ́ lásán. A dé ibi igi Agíà, igi tí àwọn míṣọ́nnárì ti kọ́kọ́ wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní Àgbádárìgì. Igi náà wó ní 1959, òkúta ìrántí ló kù. Mo ń rò ó lọ pé kí ló dé tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí kò fi wó tàbí kí wọ́n wó o. Ìdáhùn tí mo rí kò kan ìfẹ́ ìtàn. Òwò ni. Ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá fọ́ Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí ọ̀nà Èkó wá là, àwọn míṣọ́nnárì kó lọ síbẹ̀, àwọn oníṣòwò tẹ̀ lé wọn, Àgbádárìgì bá dákẹ́ rọ́rọ́. Níbi tí owó wà ni wọ́n ti ń wó ilé àtijọ́. Èkó rí owó, ó sì jẹ ilé-ìwé rẹ̀ mọ́ báńkì. Àgbádárìgì kò rí, ilé rẹ̀ bá dúró.

Ọjọ́ Ẹtì

Aago méje ààbọ̀ la ti wà lọ́gbà ilé-ìwé. Àwọn ọmọ tò, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Ọ̀gá ilé-ìwé, ìyá kan tó ga, bọ́ síwájú wọn, wọ́n ní, "Àwọn tó máa tún ilé wa ṣe ti dé o!" Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ gbòòrò. Ìtìjú mú mi, torí kò tíì sẹ́ni tó san kọ́bọ̀.

Ilé náà gùn gbọọrọ. Kíláàsì mẹ́rin lórí ìlà kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn, àtẹ̀gùn mẹ́ta kéèyàn tó dé ilẹ̀ rẹ̀. Mo gbé apá lé ẹnu fèrèsé kan láti fi wọn ògiri. Láti ìgúnpá dé orí ìka àárín, ògiri náà gbà á tán, ìka mi kò yọ jáde lódì kejì. Ìgbọ̀nwọ́ kan gbáko. Búlọ́ọ̀kù tá à ń mọ lóde òní, ìnṣì 9 ni èyí tó nípọn, ìnṣì 6 sì lọ̀pọ̀ oníbàárà mi ń bẹ̀bẹ̀ fún. Amọ̀ ni inú ògiri yìí, wọ́n fi ẹfun ìrẹ́lé, èyí tí òyìnbó ń pè ní lime, rẹ́ ẹ níta. Oòrùn máa ń gbóná mọ́ ọn láti àárọ̀, kó tó rí ọ̀nà gba inú rẹ̀ kọjá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, wọ́n ti lu agogo àjáde.

Mo wọ kíláàsì kẹta. Fèrèsé mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, wọ́n dojú kọ ara wọn gẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tó ṣe é ṣèèṣì: atẹ́gùn tí kò bá rí ibi jáde kò ní wọlé. Pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kùn fèrèsé, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn, wọ́n dà wọ́n síta díẹ̀, òjò á ṣàn lọ, afẹ́fẹ́ á ráyè. Bàbá fọwọ́ pa ọ̀kan. Mo rò pé wọ́n ń wò ó bóyá ikán ti dé ibẹ̀.

"Ọ̀gá mi ló ṣe èyí. Èmi ni mo mú un lẹ́sẹ̀ kan nígbà tó ń kàn án. Kò lo ìṣó níbi ìdè rẹ̀, wò ó."

Mo wò ó. Ó gbẹ́ ihò sí ọ̀kan, ó gbẹ́ ahọ́n sí èkejì, ó kì wọ́n bọ ara wọn, ó wá fi èèkàn igi kékeré kan gún wọn pa pọ̀. Èèkàn náà ṣì yọ orí jáde díẹ̀ bí eyín ọmọ tuntun. Lábẹ́ rẹ̀, ọmọ kan tó ti ní láti dàgbà báyìí fi ọ̀bẹ fín nǹkan síbẹ̀: ìlà márùn-ún, ìlà márùn-ún, bí ẹni tó ń ka ọjọ́ tó kù kí wọ́n gba ọlidé.

Kíláàsì kẹrin ni wàhálà wà. Ẹnì kan tó fẹ́ ṣe oore ti yọ fèrèsé onípákó ibẹ̀, ó fi èyí tí wọ́n ń fi gíláàsì àti alumí ṣe sí i, èyí tí wọ́n ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dán. Àmọ́ ìdajì fèrèsé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣí láéláé, ìdajì kejì á wà lẹ́yìn rẹ̀ bí olè. Wọ́n tún fi pákó dí ihò tó wà lókè lábẹ́ òrùlé, nítorí àdán, ibẹ̀ sì ni ooru ń gbà jáde tẹ́lẹ̀. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí tíṣà ibẹ̀ fi kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé pátákó ìkọ̀wé ti òpó. Ó ní ojoojúmọ́ ni. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti sọ fún ẹni tó ṣe fèrèsé náà. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Alàgbà, ṣé ẹ máa ń bú ẹni tó fún yín lẹ́bùn ni?"

Nídìí òpó yẹn ni Bàbá jókòó sí tí wọ́n fi sọ ti 1955 fún mi. Wọn ò tíì pé ọdún mẹ́fà dáadáa. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí wọ́n fi kan etí òsì. Kò kàn án. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ bá ta wọ́n nípàá díẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n tẹ orí, ìka bá kan etí. Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn (Western Region) la wà nígbà yẹn, Àgbádárìgì kò tíì bọ́ sí abẹ́ Èkó títí di 1967, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955. Ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn lé díẹ̀ ní 450,000 ní 1954. Ní 1955 ó ti kọjá 800,000. Kò sí bíríkìlà tó lè kọ́ ilé fún iye yẹn láàrin ọdún kan. "Ibi tí ọmọ yẹn jókòó sí yìí," Bàbá nà ìka sí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ pẹ́ńsùlù rẹ̀, "ibẹ̀ ni mo jókòó sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni kíláàsì mi. Nígbà òjò a máa ń sún mọ́ ògiri."

Ó kàn mí láti sọ ti èmi náà. Ilé-ìwé Jákàńdè ni mo lọ, èyí tí Jákàńdè kọ́ nígbà tó jẹ́ gómìnà Èkó. Ẹni tó bá dàgbà ní ìpínlẹ̀ Èkó lẹ́yìn 1979 á mọ̀ ọ́n: ilé pẹlẹbẹ, òrùlé ilẹ̀ ilẹ̀, ògiri tí kò ju ìgbáyà lọ. Ilé adìyẹ ni wọ́n ń pè é. Tí òjò bá bọ́ lu páànù, tíṣà á gbé ẹfun sílẹ̀, a ó máa wo ara wa. Àmọ́ kí Jákàńdè tó dé, àárọ̀ lọ́mọ kan ń lọ ilé-ìwé, ọ̀sán lọ́mọ kejì ń lọ, torí kò sí àyè. Láàrin ọdún mẹ́rin ó parí ìyẹn. Bíríkìlà tó wà nínú mi ń bú ilé yẹn, ọmọ tó wà nínú mi ń dúpẹ́. Mi ò tíì lè làjà láàrin àwọn méjèèjì.

Ó wá kan ògiri. Níta, láti ilẹ̀ dé nǹkan bí ìgbáyà, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ nígbà kan. Mo fi ẹ̀yìn ìka kàn án: ó dún bí igbá òfìfo. Mo ti etí ṣíbí ìrẹ́lé bọ ibi tó ti là, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, odindi awẹ́ kan tó fẹ̀ tó àtẹ ìyá oníṣáná ṣí kúrò, ó bọ́ sílẹ̀ láìfọ́. Mo gbé e nílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù, ó rin gbindin, iyẹ̀fun funfun kan sì bò ó. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Àwọn ọmọ tó ń wò mí láti ojú fèrèsé bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan pariwo pé, "Bàbá ń jẹ ilé wa!"

Ohun tí Bàbá pè ní ẹ̀wù ọ̀rá nìyẹn. Ilẹ̀ etí ọ̀sà kì í gbẹ. Ògiri amọ̀ ń fa omi láti ilẹ̀ wá, kò sí bí kò ṣe ní fà á, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹfun ló wà lára rẹ̀, omi tó wọlé ń gba ojú ẹfun jáde, oòrùn á gbé e lọ. Sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kó jáde. Omi á há sẹ́yìn rẹ̀, á máa gòkè, á kó iyọ̀ ilẹ̀ dání. Ibi tí omi bá ti wá gbẹ, iyọ̀ á dì, á wú, á ti sìmẹ́ńtì náà kúrò bí ọmọ tó ń ti ìlẹ̀kùn. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì ti di ẹ̀kọ. Ẹni tó rẹ́ ẹ á ní iyanrìn ni kò dáa.

Mo mọ̀, nítorí èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ilé ìyá àgbà kan ní Ìkòròdú, bí ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ilé amọ̀ tí ọkọ wọn fi sílẹ̀. Mo fi sìmẹ́ńtì tó nípọn dáadáa rẹ́ ẹ yípo, ó dán, wọ́n gbàdúrà fún mi. Òjò kejì, ó bó. Mo ní onítípà ló ta iyanrìn oníyọ̀ fún mi. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n tún san owó èkejì. Wọ́n ti kú báyìí. Èmi pẹ̀lú awẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn lọ́wọ́, mi ò lè wo ojú Bàbá.

Àbámẹ́ta

Òjò rọ̀ mọ́jú. A lọ wo òrùlé nínú rẹ̀, àsìkò tó dáa jù nìyẹn, òrùlé kì í purọ́ lójú òjò. Ibi mẹ́tàdínlógún ló ti ń jò, mọ́kànlá nínú wọn jẹ́ ìdí ìṣó. Páànù àtijọ́ náà nípọn ju èyí tá à ń rà lọ, ìpáàrọ̀ ìṣó àti ọ̀dà dúdú á tó o. Ìgbà tí òjò pọ̀ jù, mo dúró sí àárín kíláàsì kẹta, mo ní kí Bàbá dúró síbi pátákó kí wọ́n sọ̀rọ̀ láìgbóhùn sókè. Mo gbọ́ wọn. Àjà onípákó tó wà lókè yẹn ló ń mu ariwo.

Lọ́nà ilé a yà wo ọgbà Sẹ́ríkì Williams Abass, ẹni tí wọ́n ti Ìjọgà kó lẹ́rú lọ́mọdé, tó padà wá di oníṣòwò ẹrú fúnra rẹ̀. Ogójì yàrá ni wọ́n ní ó fi ń kó àwọn ẹrú pa mọ́. Mo wọ ọ̀kan, mo jáde. Ojú ihò kékeré kan ṣoṣo ló wà lókè. Ẹni tó bá ti ka fèrèsé ilé-ìwé láàárọ̀, ara rẹ̀ á bù máṣọ níbẹ̀. Mi ò wọn nǹkan kan.

Ẹfun ló kù. Bàbá ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ìkarahun inú ọ̀sà ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á to igi, wọ́n á da ìkarahun lé e, wọ́n á tún to igi, wọ́n á dáná sí i mọ́jú. Tó bá di ọ̀la, wọ́n á wọ́n omi lé e lórí. Á bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, á fọ́ wẹ́wẹ́, á di iyẹ̀fun. Ọmọdé kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn, ó máa ń jẹ ojú. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á rì í mọ́ kòtò pẹ̀lú omi. Bó bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ló ṣe ń dáa tó. A bá àwọn ìyá kan létí omi tí òkìtì ìkarahun wà lẹ́yìn ilé wọn. Bàbá bá wọn sọ̀rọ̀ ní Ògù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló ń ra pàǹtí? Wọ́n bù ú sínú àpò ìrẹsì kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ sun díẹ̀ wò ní Ìkòròdú, kí n fi rẹ́ ẹ̀yìn ilé mi kí n tó fọwọ́ kan tẹni ẹlẹ́ni.

Mo kọ ìwé iye owó náà lórí àga Bàbá: ìṣó, ọ̀dà, pákó fèrèsé mẹ́fà fún kíláàsì kẹrin, owó káfíńtà, ìyọkúrò sìmẹ́ńtì àtijọ́, ẹfun, amọ̀, ìṣíhò òkè pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì nítorí àdán. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọ̀gbẹ́ni náà fi pè.

"Alàgbà, mi ò rí sìmẹ́ńtì níbẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́ ni, sà."

"Kò sí ọ̀dà òyìnbó náà?"

"Kò sí."

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ní owó tí wọ́n dá jọ ju èyí tí mo kọ lọ, báwo lòun ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ pé ilé-ìwé àwọn, amọ̀ àti ẹfun ni wọ́n máa fi tún un ṣe? Mo ní kó mú wọn wá lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀. Ó ní òun á pè mí padà.

Ọ̀sán ni mo wọ bọ́ọ̀sì. Kọ́ńdọ́ gba owó ẹrù lórí àpò náà, mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òórùn rẹ̀ nìkan tó owó. Nígbà tá a dé Àgbárá, obìnrin tó jókòó tì mí fi ìborùn bo imú, ó ní ṣé ẹja ni mo rà ni. Mo ní rárá, ògiri ni. Ó wò mí, ó wo àpò náà, ó sì sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.